Bí Iṣẹ́ Ológun Bá Fẹ́ Gbé Yín Lọ Sókèèrè: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ìbẹ̀wò Ọmọ Kí Ẹ Tó Gbéra

Nígbà tí tọkọtaya bá ti pínyà, tí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ sójà Amẹ́ríkà, ètò ìbẹ̀wò ọmọ tí kóòtù là kalẹ̀ lè máa lọ geere fún ọdún bíi mélòó kan. Àfi lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ bá dé pé kí sójà náà múra, wọ́n ń rán ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Kuwait, Poland tàbí Kòríà. Oṣù mẹ́sàn-án ni nígbà mìíràn, ó sì lè tó ọdún kan. Ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yóò máa lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ ti bàbá? Ṣé ìyá bàbá á ṣì máa rí ọmọ ọmọ rẹ̀? Bí bàbá bá sì padà dé, ṣé wọ́n á dá àkókò rẹ̀ padà fún un, àbí wọ́n á ní ọmọ ti gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Láàárín 2009 sí 2016, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI gba àwọn tí wọn kò tíì di ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà sí iṣẹ́ ológun nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbẹ̀ náà ń wọ iṣẹ́ ọ̀hún. Bí ìgbéyàwó bá tú ká, tí ìwé àṣẹ sì dé, àgbàlagbà inú ẹbí ni a kọ́kọ́ máa ń pè. Ẹ pè wọ́n, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú adájọ́, ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí, tí ẹ sì gbé lọ sí kóòtù kí ẹ tó wọ bàálù, ni yóò gbà yín sílẹ̀. Bàbá ni mo fi ṣe sójà nínú gbogbo àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí; bó bá jẹ́ ìyá ló wọ aṣọ ológun, bákan náà ni òfin rí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ ọmọ yín

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ ló ń ṣòfin lórí ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé. Ọ̀gá yín ní báríkì kò ní agbára yẹn. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti gbé fún oṣù mẹ́fà léraléra kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kóòtù rẹ̀ sábà máa ń ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní 2012, àwọn amòfin tó máa ń kọ àwòṣe òfin fún gbogbo ìpínlẹ̀ kọ ọ̀kan sórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Orúkọ rẹ̀ ni Uniform Deployed Parents Custody and Visitation Act. North Carolina, níbi tí Fort Bragg wà, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin, ní 2013. Texas, níbi tí Fort Hood wà, tí Yorùbá sì pọ̀ sí ní Houston àti Dallas, kò lo àwòṣe yẹn. Òfin ìdílé tirẹ̀ ló ní apá kan fún àwọn òbí tó jẹ́ ológun. Nítorí náà, ohun tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ yín ní ìpínlẹ̀ mìíràn lè má ṣiṣẹ́ fún yín.

Níbi tí wọ́n ti ń lo àwòṣe náà, kì í ṣe gbogbo ìrìnàjò ló wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ju 90 ọjọ́ lọ, kó má tó oṣù 18, kó sì jẹ́ èyí tí ìwé àṣẹ kò ti gba sójà láyè láti mú ẹbí dání.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà ológun, èyí tí wọ́n ń pè ní legal assistance office, ní báríkì yín. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ka ìwé kóòtù yín, wọ́n á ṣàlàyé òfin, wọ́n á sì bá yín kọ ìwé. Wọn kì í sábà bá ènìyàn dúró ní kóòtù ìpínlẹ̀, nítorí náà bí ìjà bá ti wà nílẹ̀, ẹ tètè wá lọ́yà ìta.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi tó òbí kejì létí, ní kíkọ, kíákíá

Lábẹ́ àwòṣe òfin yẹn, láàárín ọjọ́ méje tí sójà bá ti gbọ́ pé òun ń lọ ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí òbí kejì, àyàfi bí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe. Òbí kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ sọ ètò tó ní fún àkókò tirẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Bí kóòtù bá ti pàṣẹ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹ mọ àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà òbí kejì, kóòtù náà nìkan ni ẹ máa gbé ìwé náà lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń dákẹ́ nítorí wọ́n rò pé ìyá ọmọ á fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìjà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá ọmọ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní owó ilé ìtọ́jú ọmọ láti san, ó sì ti fi òpin ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kì í sí nílé ṣètò ayé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu ọmọ ló ti gbọ́ ọ, ìjà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ímeèlì tàbí tẹ́ẹ̀sì tó ní ọjọ́ lórí dára ju ìpè lọ, nítorí ẹ lè fi hàn lọ́la pé ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ lérò pé ẹ máa lọ, ibi tí iṣẹ́ bá gbà kí ẹ sọ, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹ má ṣe gbé ọjọ́ ìrìnàjò àti orúkọ ẹgbẹ́ ológun yín sí Facebook tàbí sí WhatsApp ẹbí. Ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ Family Care Plan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi rọ́pò ìwé kóòtù

Ilé iṣẹ́ ológun máa ń béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní Family Care Plan lọ́wọ́ sójà tó ń dá ọmọ tọ́, lọ́wọ́ tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ sójà, àti lọ́wọ́ àwọn òbí tó ti pínyà tí ọmọ sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ní Army, DA Form 5305 ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ sí, ẹni náà á fọwọ́ sí i, ọ̀gá á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Sójà á kọ orúkọ ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, gbogbo ẹbí á gbà pé ó ti parí. Ìwé ológun ni ìwé yẹn. Kò fún ìyá àgbà ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ọmọ tí ìyá tó bí i wà láàyè, tó sì ní ìwé kóòtù lọ́wọ́. Bí ìyá ọmọ bá kan ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kejì tí bàbá lọ, tó ní òun fẹ́ gba ọmọ òun, kò sí ọlọ́pàá tí yóò tìtorí DA Form 5305 lé e padà. Ilé iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ fẹ́ kí sójà gbìyànjú láti gba ìfọwọ́sí òbí kejì sínú ètò náà. Ẹ gbìyànjú ẹ̀, kí ẹ sì kọ èsì tí wọ́n fún yín sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan ẹni tí ọmọ yóò máa lọ bá ní àkókò yín

Adájọ́ lè gbà kí ẹlòmíràn lo àkókò ìbẹ̀wò sójà, bó bá jẹ́ àgbàlagbà inú ẹbí tàbí ẹni tí òun àti ọmọ ti mọwọ́ ara wọn dáadáa. Lábẹ́ àwòṣe òfin náà, àkókò tí ẹni yẹn máa ní kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí sójà fúnra rẹ̀ ní lọ. Bó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù ni ti bàbá, ìyá bàbá kò lè gba mẹ́ta, àyàfi bí ìyá ọmọ bá gbà. Ní Texas náà, òbí tí ọmọ kì í gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè dárúkọ ẹni tí yóò máa gba ọmọ ní àkókò tirẹ̀, kóòtù á sì wò ó bóyá ó dára fún ọmọ.

Orúkọ ìyá wa ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ta ni yóò ki ọmọ náà ní oríkì rẹ̀, tí yóò se ọbẹ̀ ilé fún un, bí kò ṣe màmá? Ṣùgbọ́n ẹ ka oṣù. Bí màmá bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún un ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìrìnàjò yín jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ lè béèrè àfikún pẹ̀lú fọ́ọ̀mù I-539 kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ṣùgbọ́n wọn kò fi dandan gbà. Físà gan-an lè má tètè jáde. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ẹlòmíràn tẹ̀lé ti màmá, ẹni tó ń gbé nítòsí, tó ní ọkọ̀ àti ìwé ìwakọ̀, tí ọmọ sì mọ̀. Àbúrò yín obìnrin ní Charlotte wúlò ju ẹ̀gbọ́n tó wà ní London lọ, bó ti wù kí ẹ̀gbọ́n náà nífẹ̀ẹ́ ọmọ tó.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ náà mọ ẹni tó ń bọ̀ wá gba ọmọ, kí ó ní nọ́ńbà rẹ̀, kí wọ́n sì ti jọ gbé ọmọ lé ara wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lójú yín kí ẹ tó lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹ má ṣe fi ọmọ ránṣẹ́ sí Nàìjíríà "kó lọ bá màmá títí n ó fi dé" láìsí ìfọwọ́sí òbí kejì tàbí àṣẹ kóòtù. Láti 1993 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ka gbígbé ọmọ sá kúrò ní ìlú láti fi du òbí kejì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè ran ènìyàn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti 1980 tó ń mú kí àwọn orílẹ̀-èdè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà, èyí ló sì ń fa ìbẹ̀rù tó bá ìyá ọmọ bó bá gbọ́ orúkọ Èkó. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà pé kí ọmọ lọ, ẹ kọ ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ sílẹ̀. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà fún ọmọ tí kò tíì pé 16 nílò ìfọwọ́sí òbí méjèèjì. Bí sójà kò bá lè wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí tí wọ́n ń pè ní DS-3053 ni kó fọwọ́ sí níwájú notary, ìyẹn ẹni tí òfin gbà láyè láti jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí. Ẹ̀yin ìyá tẹ́rù ń bà, ẹ lè fi orúkọ ọmọ sínú Children's Passport Issuance Alert Program, kí wọ́n lè ta yín lólobó bí ẹnikẹ́ni bá lọ béèrè ìwé ìrìnnà fún un. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò sí lábẹ́ ètò yẹn o.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ àdéhùn náà, ẹ fọwọ́ sí i

Òbí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àti ẹlòmíràn tó bá gba iṣẹ́ nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n báyìí ni kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe ṣe pàtó:

"Láti ọjọ́ tí bàbá bá gbéra títí yóò fi dé, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ yóò máa gbé. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní àti ìkẹta oṣù, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Fráìdé sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá. Àbúrò bàbá ni yóò wá gbé e, ìyá ni yóò lọ mú un padà. Bí ọmọ bá ṣàìsàn, ìyá ló máa pinnu ilé ìwòsàn, yóò sì kọ̀wé sí bàbá lọ́jọ́ kan náà. Bí bàbá bá gba ìsinmi wálé, yóò sọ fún ìyá ní ó kéré tán ọjọ́ méje ṣáájú, ọmọ yóò sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìdajì ìsinmi náà. Ìgbà díẹ̀ ni àdéhùn yìí wà fún."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ má ṣe yọ. Ẹ fi ẹni tí yóò bá yín dá sí i bí èdèkòyédè bá wà kún un, ìbáà ṣe pásítọ̀, ìmáàmù tàbí onílàjà tí kóòtù mọ̀. Ẹ wá gbé e lọ sí kóòtù tó kọ ìwé yín àkọ́kọ́. Bí òbí kejì bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ ní kí kóòtù tètè gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí àwòṣe òfin náà fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kíákíá, ó sì gbà kí sójà tó ti lọ jẹ́rìí láti orí fóònù tàbí fídíò. Àṣẹ ìgbà díẹ̀ ni adájọ́ lè pa lásìkò yìí. Kò lè sọ ọ́ di títí láé nígbà tí ẹ kò sí nílé, bí ẹ kò bá gbà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣètò ìpè, kí ẹ fi aago ìlú méjèèjì sí i

"Bàbá lè pe ọmọ nígbà tó bá wù ú" kì í ṣe ètò. Aago méje alẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Raleigh, North Carolina, aago méjì òru ni ní Kuwait. Sójà tó bá jí lóru kó lè pe ọmọ máa bá a níbi tó ti ń jẹun tàbí tó ti ń sunkún oorun, ìyá á bínú, ìpè á tán ní ìṣẹ́jú méjì. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé dára jù, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ní Kuwait. Bí aago Amẹ́ríkà bá yí padà ní oṣù Kọkànlá, ó ti di mẹ́fà, torí Kuwait kì í yí aago tirẹ̀. Kòríà rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ: aago méje alẹ́ Raleigh nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni níbẹ̀.

Ẹ kọ ẹni tí yóò gbé fóònù, iye ìgbà lọ́sẹ̀, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí ìpè bá yẹ̀. Ó máa yẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe ẹnìkan nínú ẹgbẹ́, wọ́n lè gé íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo àgọ́ títí wọn yóò fi sọ fún ẹbí ẹni náà. Ẹ ṣàlàyé fún ọmọ ṣáájú pé bí bàbá bá dákẹ́, kì í ṣe pé ó bínú. Ìyá ni kó tún un sọ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, láìfi ìdààmú ojú tirẹ̀ hàn.

Ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní jókòó dáhùn "Kí lo jẹ? Kí ni wọ́n kọ́ ọ ní síkúùlù?" Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣeré, kí wọ́n gbé fóònù síbi tí ẹ ti ń wò ó. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ United Through Reading ti ń ran àwọn ológun lọ́wọ́ láti 1989: sójà á ka ìwé sínú fídíò, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè fi fóònù yín ṣe tiwa náà. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń pàlọ́. Ẹ pe "Ààlọ́ o!" kí ẹ wá dákẹ́ díẹ̀, kí ọmọ lè ráyè dáhùn "Ààlọ̀!" kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ ṣe mẹ́wàá tàbí ogún sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ìyá máa fi ọ̀kan sí i fún un lálẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Owó ìtọ́jú ọmọ

Àdéhùn ìbẹ̀wò kò yí owó tí kóòtù ní kí ẹ máa san padà. Bí owó oṣù yín bá máa lọ sókè tàbí sílẹ̀, kóòtù ni kí ẹ gbé e lọ kí ẹ tó gbéra. Láti 1986 ni òfin ti sọ pé gbèsè owó ọmọ tó ti kọjá kò ṣeé dín kù lẹ́yìn tó ti wọlé. "Ìyá ọmọ ní kí n má wulẹ̀ san án" kò ní gbà yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí wọ́n bá pè yín lẹ́jọ́ nígbà tí ẹ wà lójú iṣẹ́

Ẹ má ṣe fi ìwé ìpè kóòtù sílẹ̀ láìdáhùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Servicemembers Civil Relief Act, ti 2003, fún yín láyè láti ní kí wọ́n dá ẹjọ́ dúró fún ó kéré tán 90 ọjọ́. Ìwé méjì ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin fúnra yín á kọ ọ̀kan, tó sọ bí iṣẹ́ kò ṣe jẹ́ kí ẹ wá àti ọjọ́ tí ẹ lè wá. Ọ̀gá yín á kọ èkejì, pé iṣẹ́ kò gbà yín láyè, kò sì sí ìsinmi fún yín. Òfin yìí kan náà sọ pé kóòtù kò gbọ́dọ̀ fi àìsínílé sójà nítorí iṣẹ́ nìkan ṣe ìdí láti yí ètò ọmọ padà títí láé.

Síbẹ̀, bí ẹ bá lè jẹ́jọ́ lórí fídíò, mo fara mọ́ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ dípò kí ẹ dá ẹjọ́ dúró. Láàárín oṣù mẹ́ta ìdádúró yẹn, ọmọ ṣì ní láti sùn síbì kan, adájọ́ sì lè pa àṣẹ ìgbà díẹ̀ láìgbọ́ ohùn yín.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ tí ẹ bá padà dé

Kíkọ̀wé náà lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí òbí kejì àti sí ẹni tó lo àkókò yín pé ẹ ti dé. Nínú àwòṣe òfin náà, 60 ọjọ́ lẹ́yìn ìwé yẹn ni àṣẹ ìgbà díẹ̀ máa parí, tí ètò àtijọ́ á padà, bí ẹ kò bá ti jọ fọwọ́ sí i pé kó parí ṣáájú. Bí ẹ kò bá kọ̀wé, ọjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láàárín àkókò náà, ẹ lè ní kí kóòtù fún yín láyè láti máa rí ọmọ. Ní Texas, òbí tí ọmọ kì í gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí láti béèrè àfikún ọjọ́ dípò èyí tó pàdánù. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá.

Fún ọmọ kékeré, ẹ má ṣe gbé e lọ sùn mọ́jú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́sàn-án pọ̀ nínú ayé ọmọ ọdún méjì; ó lè sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ bó bá rí yín, kì í ṣe pé ìyá kọ́ ọ. Ẹ lọ bá a ṣeré fún wákàtí méjì nílé ìyá rẹ̀ tàbí ní pápá ìṣeré, lẹ́yìn náà ọ̀sán kan gbáko, lẹ́yìn náà òru kan. Ẹ sún àpèjẹ káàbọ̀ tí ẹbí fẹ́ ṣe síwájú títí ọmọ yóò fi máa fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ yín. Ẹ kọ ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí pẹ̀lú sínú àdéhùn ìgbésẹ̀ 5, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì wà lórí tábìlì kan náà.